Àdùní Inú Ìwé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìfẹ́ ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Dúró ní ọjà Missèbo, orí ìwé ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí òyìnbó kan kọ láyé Ọbabìnrin Fikitóríà. Kò nípọn ju ìka méjì lọ, síbẹ̀ ó ti gbé Àánúolúwapọ̀ ṣánlẹ̀ rí. Ọmọ náà yege nínú gbogbo ìdánwò àṣekágbá ní yunifásítì aládàáni tó ń lọ ní Kútọnu, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù fún un. Wọ́n ní kó padà wá ṣe é. Bí kò bá yege, kò sí ìwé ẹ̀rí.

Ìyá Dúró, ìyá rẹ̀, ń ta báálì aṣọ òkìrìkà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti pẹ́ ní Kútọnu débi pé ó gbọ́ èdè Gùn, ó sì ń fi Faransé ná ọjà. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ò gbọ́. Gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí kì í purọ́. Báálì dídì ni wọ́n ń tà ní Missèbo, ẹni tó rà á kò ní já a títí yóò fi délé, bó bá sì bá àkísà nínú rẹ̀, orí rẹ̀ ló bá a wí. Ìyá Dúró nìkan ló máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Èyí tó dé lọ́sẹ̀ yìí ò dáa o. Mo ti já ọ̀kan wò. Mú tọ̀hún." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ń ba ọjà jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èrò ń wọ́ lọ.

Ràfíátù tó ń ta kọ́tìnnì ní ẹ̀gbẹ́ wọn ló dá ọ̀rọ̀ tíṣà sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá ẹni tó máa kọ́ ọ, Ìyá Dúró. Ọmọ Nàgó kan, Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, wà ní Akpakpa, Ọládipọ̀ lorúkọ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọlúàbí ni. Kò sì tí ì gbéyàwó."

"Ṣé mo ní kí o bá mi wá ọkọ ni?"

"Háà, mo kàn fi kún un ni."

Lọ́jọ́ kejì, Dípọ̀ gun ọ̀kadà rẹ̀ dé. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó sì tutù lójú. Ó gbé àṣíborí sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín báálì méjì, láìka eruku sí.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá."

"Dìde, ọkọ mi," ni Ìyá Dúró wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Gbọ́ bó ṣe ń sọ Yorùbá bíi ti ìyá ìyá mi! Níbo lo ti wá?"

"Pobè ni, Màmá."

Dípọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń kọ́ni. Ó ní kíka ìwé lákàtúnkà kọ́ ni mímọ̀ ọ́n. "Bí o bá ti ka orí kan tán, Àánú, fi Yorùbá sọ ọ́ fún ẹni tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí onítọ̀hún bá ń bi ọ́ pé kí ló tún ṣẹlẹ̀, o ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Dakọ́ọ̀? Ṣé ó yé ọ?" Ta ló tún kù tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ṣọ́ọ̀bù náà bí kò ṣe ìyá? Bí Ìyá Dúró ṣe di ọmọ ilé ìwé lọ́jọ́ ogbó nìyẹn.

Orúkọ ọmọbìnrin inú ìwé kò ṣeé pè lẹ́nu rẹ̀. Ó gbìyànjú, ahọ́n rẹ̀ lọ́. "Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àdùní jàre. Kí ìyá tó bí i máà bínú."

"Àdùní ń bá ìyá rẹ̀ gbé nínú ilé ńlá kan létí àbàtà," Àánú bẹ̀rẹ̀. "Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin mẹ́ta, gbogbo wọn ti kú."

"Kí ló pa wọ́n?"

"Ọ̀kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀kan yọ eyín. Bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kì í dá mọ́. Àwọn ará abúlé ní ègún ni."

Ìyá Dúró ń fi ọ̀bẹ gé okùn báálì lọ́wọ́. Ọ̀bẹ náà dúró. "Ẹ̀jẹ̀," ni ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rántí gbèsè àtijọ́. Lẹ́yìn náà ó tún ń gé okùn rẹ̀ lọ.

Kí ojú òjò tó dá, ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ ìwé. Dípọ̀ kì í jẹ́ kí Àánú gun zémì, ọ̀kadà akérò, lọ sílé mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kọjá afárá, gba Akpakpa, títí dé Agblangandan níbi tí Àánú àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Lójú ọ̀nà wọ́n á máa sọ̀rọ̀ Àdùní, wọ́n á sì máa sọ ti ara wọn mọ́ ọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dípọ̀ pa ọ̀kadà létí ọ̀sà, ó ṣí àṣíborí.

"Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀ kí ọ̀rọ̀ wa tó jìnnà. AS ni mí. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ SS. Bí eegun bá ti ń ro ó, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yìn mi ló kú sí, Àánú. Mo ti búra pé mi ò ní bí ọmọ tí yóò sunkún bẹ́ẹ̀."

Àánú di ọwọ́ rẹ̀ mú. "AA ni èmi. Màmá mi ti sọ fún mi láti kékeré."

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ ti ṣe àyẹ̀wò?"

"Màmá ló ní kí wọ́n ṣe é fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

Dípọ̀ mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Bí Ìyá Dúró bá ti sọ ọ́, ó parí. Ta ni ò mọ̀ ní Missèbo pé wọn kì í purọ́?"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Inú Àánú dùn, inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ti rí ọkùnrin tó ń sọ àbùkù ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

"Dúró yìí ńkọ́?" Dípọ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ń lọ. "Ìwọ ni mo mọ̀ lọ́mọ, kí ló dé tí wọn ò pe Màmá ní Ìyá Àánú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni Dúrójayé, òun ni àkọ́bí. Ó kú kí n tó gbọ́n. Àbíkú ni."

Lọ́jọ́ kejì, bí Dípọ̀ ṣe kí Ìyá Dúró tán, ó fi ìrẹ̀lẹ̀ wí pé, "Màmá, Àánú sọ ti Dúró fún mi. Èmi náà sin àbúrò. Kí ló ṣe é?"

Àánú ti la ẹnu láti dáhùn, ìyá rẹ̀ sì yára gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ibà ni," ni ó wí, ó sì dìde lọ dá oníbàárà kan lóhùn tí kò tí ì pè é.

Ibà kẹ̀? Láti ìgbà tí Àánú ti dáyé, àbíkú ni wọ́n ń sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí eegun ẹja. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfẹ́ ń pa kì í wá eegun, ó fi ọ̀rọ̀ ìwé gbé e mì.

Nígbà tí Dípọ̀ sọ ọ́ jáde pé ìyàwó ni òun fẹ́ fi Àánú ṣe, inú Ìyá Dúró dùn. Ó bẹ Ràfíátù pé kó ṣe alárenà, kó lọ sí Pobè lọ yẹ ilé wọn wò bó ṣe yẹ kí wọ́n yẹ ilé àna wò. Ọjọ́ tí Ràfíátù dé, Àánú jókòó sẹ́yìn báálì, ó ṣí ìwé sílẹ̀, ó sì na etí.

"Ìyá Dúró, ẹ kú oríire! Ilé rere ni. Kò sí wèrè níbẹ̀, kò sí olè, wọn kì í lu ìyàwó. Iṣu tí ìyá ọmọ náà gún fún mi, mo jẹ ẹ́ títí mo fi tú ìró. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà ní kí n má fi bò: AS ni ọmọ òun. Ó ní kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín wò dáadáa. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, AA ni Àánú. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Àánú ń retí ohùn ìyá rẹ̀. Ó yọjú. Ìyá Dúró jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún bí ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò.

"Padà sọ fún wọn," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "pé mi ò ní fi ọmọ mi fún ará Bẹ̀nẹ̀."

Ràfíátù fò sókè. "Háà! Ẹ̀yin? Ilẹ̀ ta lẹ wà yìí? Omi ta lẹ ń mu?"

"Mo ti sọ tèmi."

Láti ọjọ́ náà ni ojú ọ̀run ṣú bo ilé wọn. Àánú sunkún, ó kúnlẹ̀, ó bínú. Ìdí tí ìyá rẹ̀ ń sọ kì í dúró lójú kan. Lónìí, owó tíṣà kò tó nǹkan. Lọ́la, Pobè jìnnà. Lọ́jọ́ mìíràn, Faransé ni àwọn ọmọ yóò máa sọ, wọn ò ní mọ ìyá àgbà wọn. Ìyá tó ń sọ òótọ́ fún àjèjì, kí ló dé tí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ilá? Dípọ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Dúró yíjú sí ògiri, kò sọ pé kó dìde. Ó wà nílẹ̀ títí tí ọlọ́mọlanke kan fi ń pariwo pé kó yẹra lọ́nà.

Ohun tó wá ń ba Àánú lẹ́rù ni pé ìyá rẹ̀ tó lé tíṣà kò lé ìwé. Bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, yóò fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Àdùní ńkọ́?"

Kò wu Àánú láti sọ ọ́, àmọ́ ìdánwò ń bọ̀. "Ọkùnrin kan ti fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà wá sílé, ó jókòó, ó bi ìyá Àdùní pé kí ló pa àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Kí Àdùní tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti dáhùn. Ó ní òtútù ni."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ibà ọjọ́sí sọ sí i lọ́kàn. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń tú gèlè, ó ń tún un wé, ó tún tú u.

"Kí ló dé tí Àdùní fúnra rẹ̀ ò sọ̀rọ̀?"

"Kò mọ̀ ni, Màmá. Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀."

"Ìyá rẹ̀ ń dáàbò bò ó ni."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Ìyá Dúró ní òòrùn ti ń wọlé sára aṣọ, ó sì lọ fa tapólì bò wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Àánú pinnu pé òun ò ní fi ìbànújẹ́ wọ yàrá ìdánwò. Ó dúró níwájú ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan.

"Màmá, bí mo bá ti ṣe ìdánwò yìí tán, èmi àti Dípọ̀ ń lọ sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Wọ́n á so wá pọ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wá. Bí ẹ ò bá wá, a ó lọ náà."

Ó ń retí igbe. Ó ń retí èpè pàápàá. Ìyá rẹ̀ kàn fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Parí ìwé náà fún mi," ni ó wí.

"Màmá, mérì ni mo ń sọ!"

"Mo gbọ́. Mo ní kí o parí ìwé náà fún mi."

Àánú jókòó. Kì í fẹ́ ka ibi tó kù nínú ìwé náà lóun nìkan. "Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ìyá Àdùní ń rẹ́rìn-ín títí ọjọ́ fi rọ̀. Àdùní bí ọmọkùnrin. Ọmọ náà ń kọ́ ìrìn, ó ṣubú, ó fi eyín gé ètè. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Àdùní ń ké pé kí ló ń ṣe ọmọ òun. Ìgbà tó gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé àwọn aṣọ funfun lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó rán an. Ó mọ iye aṣọ tí yóò gbà, torí ó ti ṣe é fún mẹ́ta rí. Ibẹ̀ ni Àdùní ti mọ̀ pé ìyá òun mọ̀."

"Kí ni ìyá náà wí?"

"Ìwé parí síbẹ̀."

"Kò lè parí síbẹ̀!" Ìyá Dúró dìde. Ó fa ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù náà wálẹ̀ dé ìdajì, nígbà tí ọjà ṣì ń yí lọ níta, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó ṣe rí. Ó dúró sínú òkùnkùn díẹ̀ náà, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀.

"Eegun ló máa ń ro Dúró. Ojú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á máa pè mí pé, 'Ìyá mi, ẹ bá mi mú ẹsẹ̀ yìí kúrò.' Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ní àbíkú ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní àbíkú ni. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kì í ṣe àbíkú, SS ni. Ó ní ara èmi àti bàbá rẹ ló ti wá. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ tìrẹ náà wò lọ́jọ́ yẹn. AS ni ẹ́, Àánú."

Àánú gbọ́ ọ, kò sì tètè yé e. "Ẹ ní AA ni mí."

"Àwọn ará ilé bàbá rẹ ló bi mí, mo sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà máa wò ọ́ bí ọjà tó fà ya. Irọ́ náà mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ tó jẹ́ AA, irọ́ mi á sì kú síbẹ̀, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Báálì tó bá bàjẹ́, mo ń sọ fún oníbàárà. Ọmọ tí mo bí, òótọ́ rẹ̀ ni mo dì pa mọ́."

"Ẹ wá ní torí pé ará Bẹ̀nẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ kí o kórìíra mi torí ìyẹn. Ìyẹn rọrùn fún mi jù." Ohùn rẹ̀ fọ́. "Mo rò pé o máa gbọ́ràn. Mi ò mọ̀ pé o ní agídí tó bẹ́ẹ̀. Mi ò lè gbé aṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, Àánú. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan."

Wọ́n sunkún, olúkúlùkù níbi tó wà. Nígbà tí ìyá ṣí ilẹ̀kùn padà, ó nu ojú, ó wí pé, "Ẹnu rẹ ló kù báyìí. Ohun tí o bá fi ṣe, mi ò ní dá sí i."

Àánú lọ ṣe àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, ó ń gbàdúrà pé kí dókítà ìgbà náà ti ṣì í. Dókítà kò ṣì í. Ó wá ku òun àti ọkàn rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, Dípọ̀ ò ní béèrè láéláé, ó gba ọ̀rọ̀ Ìyá Dúró bí ó ṣe gba Bíbélì. Ṣebí tọkọtaya AS kan wà ní Agblangandan tí gbogbo ọmọ wọn ń sáré kiri? Ṣebí a lè bí mẹ́rin kó má sí SS kankan nínú wọn? Ó ro ó títí ó fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé òtútù ni, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á.

Ní yàrá ìdánwò, wọ́n béèrè pé ṣé ìfẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìyá inú ìwé, àbí ìkà. Àánú kọ̀wé títí ọwọ́ fi ń dùn ún. Níbì kan ó kọ Àdùní láìmọ̀, ó yára pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé ìfẹ́ ni, ìfẹ́ náà ló sì pa ọmọ.

Dípọ̀ ń dúró lẹ́nu géètì, àṣíborí méjì lọ́wọ́, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. "Mo ti dé mérì o! Wọ́n ti fún wa lọ́jọ́. Kí ni wọ́n bi yín?"

Ó sọ ọ́ fún un.

"Kí ni ìdáhùn rẹ?"

Àánú wo ojú tó fẹ́ràn yìí, ó wò ó dáadáa, torí ó mọ̀ pé òun ò ní rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. "Dípọ̀, AS ni mí."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣebí Màmá sọ pé..."

"Wọ́n purọ́."

Ẹ̀rín náà kú. Ó fi àṣíborí kan há abíyá, ó tún mú un jáde, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. "Dúró ńkọ́?"

"SS ni."

"Ó máa ń sunkún?"

"Màmá ló rántí."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde, wọ́n ń pariwo ayọ̀. Àánú di apá rẹ̀ mú. "A lè gbà á ládùúrà. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣe é. A lè..."

"Mo pọn àbúrò mi, Àánú," ni Dípọ̀ wí. Omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ̀yìn mi ló wà."

Dípọ̀ dé àṣíborí fún un bó ṣe máa ń ṣe, ó so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ sì pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé e lọ sí Missèbo. Lọ́nà, Àánú gbé orí lé e lẹ́yìn, ó ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀nà náà má tán.

Ìyá Dúró rí wọn lókèèrè, ó dìde kúrò lórí àpótí. Dípọ̀ pa ọ̀kadà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà àti iwájú orí kanlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkọ ìyàwó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó.

"Ẹ ṣeun, Màmá, tí ẹ ò jẹ́ ká bí ọmọ tí yóò sunkún bẹ́ẹ̀. Mo wá dágbére ni," ó wí fún ilẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré tó fi jẹ́ pé àwọn mẹ́ta nìkan ló gbọ́.

Ìyá Dúró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e léjìká. "Dìde," ni ó wí. "Dìde, ọkọ mi."

Ràfíátù wà ní ìsọ̀ rẹ̀, ó rí ọmọkùnrin lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó rí ìyá tó gbé e dìde. Ó ju kọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ti gbà o! Ìyá Dúró ti gbà! Ẹ bá mi yọ̀!" Ó tú gèlè, ó fi de ìdí, ó gbé orin ìyàwó sẹ́nu, àwọn obìnrin ìlà náà sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbè é. Àánú wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ní agbára láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́, wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi kọ orin náà tán.